Ẹyẹ Tí Kò Dúró De Kámẹ́rà

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará mi. A sùn, a jí, ọpẹ́ ni fún Ẹlẹ́dàá. Bí o bá wà lára àwọn tó máa ń jí kí àkùkọ tó kọ, tí wọ́n gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn lọ wá ẹyẹ, labalábá, ìṣàn omi tàbí oòrùn tó ń yọ lẹ́yìn òkè, tìẹ ni ọ̀rọ̀ òní. Bó bá sì jẹ́ nǹkan mìíràn ni ò ń lé tí kò dúró dè ọ́, jókòó tì wá.

Jóòbù orí 39 ni kí a kà láàárọ̀ yìí. Níbẹ̀ ni Ọlọ́run ti bi Jóòbù bóyá ó mọ ìgbà tí ewúrẹ́ orí àpáta ń bímọ, bóyá ó lè ka oṣù oyún àgbọ̀nrín. Jóòbù ò mọ̀ ọ́n. Èmi náà ò mọ̀ ọ́n.

Iṣẹ́ fọ́tò ni mo ń ṣe. Lọ́jọ́ Sátidé, òde àríyá ni mo máa ń wà. Bí mo bá ti ní "ẹ sún mọ́ra, ẹ wo ibí," ìyá ìyàwó á tún gèlè rẹ̀ ṣe, bàbá á ká apá agbádá sórí èjìká, àwọn ọmọdé á dúró jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀, inú igbó ni mo máa ń lọ, kò sì sí ẹyẹ kan níbẹ̀ tó ń gbọ́ tèmi.

Ẹyẹ kan wà tí ọkàn mi fà sí. Ìbátan ẹ̀gà ni. Ó dúdú, ṣùgbọ́n orí àti àyà rẹ̀ pọ́n bí ẹni fi osùn kùn ún. Orúkọ ìlú Ìbàdàn ni àwọn onímọ̀ fi sọ ọ́ ní 1958: Malimbus ibadanensis. Ní gbogbo ayé, apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà tiwa yìí nìkan ló ń gbé, kò sì pọ̀ mọ́. Ọ̀kan nínú ibi tí a ti lè rí i ni igbó tó wà nínú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Oko àti abúlé ni púpọ̀ nínú ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ́ àti àdá kúrò níbẹ̀, igbó tún hù padà fúnra rẹ̀. Mo máa ń ronú sí i bí mo bá ń rìn lábẹ́ àwọn igi wọ̀nyẹn. Ibi tí wọ́n ti ń gbin iṣu nígbà ayé bàbá mi ni ẹyẹ ń gbé lónìí.

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ. Lẹ́ẹ̀kíní, ọyẹ́ mú, eruku bo ojú ọ̀run, gbogbo nǹkan rí bí eérú. Lẹ́ẹ̀kejì, mo gbé kámẹ́rà jáde látinú ọkọ̀ tó tutù nini, ìkùukùu sì bo lẹ́ǹsì. Mo nù ún, ó tún bò ó. Mo ń gbọ́ igbe ẹyẹ lókè orí mi, mi ò rí nǹkan kan. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó wá! Ó bà sórí ẹ̀ka, kò jìnnà sí mi ju bí ilé sí ilé lọ. Mo tẹ bọ́tìnnì. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí àwòrán náà, ewé tó wà níwájú ẹyẹ ló mọ́ kedere, o lè ka iṣan ara rẹ̀. Lẹ́yìn ewé náà ni nǹkan dúdú kan wà tó ní pupa lórí, tó ṣe bàìbàì. Lẹ́ẹ̀kẹrin, mo jókòó láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí, kò wá.

Èyí tó wá dùn mí jù ni pé ní ọ̀sán ọjọ́ kẹrin yẹn, àlejò kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ igbó náà fún ìgbà àkọ́kọ́ fi fóònù rẹ̀ hàn mí. Ọ̀nà kejì ló gbà. Ẹyẹ náà ló wà níbẹ̀, ó kọjú sí i, oòrùn tan sí àyà rẹ̀. Mo ní "ẹ kú oríire." Ẹnu mi ló sọ ọ́. Mo wọ ọkọ̀, mo sì wí lọ́kàn mi pé orí mi ò gbè mí. Lálẹ́ ọjọ́ náà mo gbàdúrà líle, mo ní kí Ọlọ́run gbà mí lọ́wọ́ àwọn tó ń dínà ògo mi.

Ẹ̀yin ará, àdúrà yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni mo ń gbà á. Ta ló dínà ògo mi? Lẹ́ǹsì tó tutù tó bọ́ sínú ọ̀rinrin gbọ́dọ̀ lààgùn, gẹ́gẹ́ bí ìgò omi tútù ṣe ń lààgùn lórí tábìlì. Bí mo bá ti fi í sínú báàgì rẹ̀ ní pípadé fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí n tó ṣí i, ì bá má rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́ igbó ṣókùnkùn. Kámẹ́rà ní láti la ojú pẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó tó o, bó bá sì la ojú fún 1/60 ìṣẹ́jú-àáyá, ìbátan ẹ̀gà ti yí orí padà nígbà yẹn. Ewé tó wà níwájú ló sún mọ́ kámẹ́rà jù, òun ló dì mú. Ọyẹ́ sì ń fẹ́ lọ́dọọdún láti aṣálẹ̀ Sàhárà, kì í ṣe ilé ọ̀tá mi ló ti gbéra. Ohun tó ní ìdí, má ṣe pè é ní èpè. Má ṣe bú orí tí Ọlọ́run fún ọ nítorí ìkùukùu ojú lẹ́ǹsì, má sì ṣe fi ẹ̀sùn kan ìyá àgbà kan lábúlé.

Ọjọ́ kẹrin ńkọ́, tí mi ò ṣe àṣìṣe kankan? Oníwàásù ti sọ fún wa ní orí 9 pé ìje kì í ṣe ti ẹni tó yára, pé ìgbà àti èèṣì ń bá gbogbo ènìyàn. Àlejò yẹn ò jí nǹkan mi. Ẹyẹ náà ń wá kòkòrò tí yóò jẹ, ó gba ọ̀nà kejì, àlejò sì wà lọ́nà kejì. Ó tán.

Ibi tí ìbínú máa ń gbé wa dé ló ń bà mí lẹ́rù jù. Mo ti rí ẹni tó ju òkúta sínú ewé kí ẹyẹ lè fò fún un. Mo ti rí ẹni tó gé ẹ̀ka tó bo ìtẹ́ kúrò kí àwọn ọmọ ẹyẹ lè hàn dáadáa. Ẹ̀ka yẹn ni ìbòòji wọn, òun náà ló ń pa wọ́n mọ́ lójú àwòdì. Àwọn mìíràn á fi fóònù ké igbe ẹyẹ léraléra, akọ á fi jíjẹ sílẹ̀, á máa wá ẹni tó ń bá a du ilẹ̀ kiri. Arákùnrin, arábìnrin, bí àwòrán rẹ bá ná ẹyẹ ní ọmọ rẹ̀, kí lo mú bọ̀ nílé? Àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa máa ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Ìyà igbó lè sọ ọkàn di òkúta, nítorí náà ni mo fi ń bẹ̀ yín.

Mo sì ní ẹ̀rí kan. Ní ọjọ́ kẹta, kí n tó gbé kámẹ́rà sójú, mo fi ojú lásán rí i. Ó fi ẹsẹ̀ rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀ka, ó ń tú èèpo igi wò, pupa orí rẹ̀ ń kọ yẹ̀rì. Ó tó ìgbà tí mo fi mí lẹ́ẹ̀mẹta. Odidi oṣù kan ni mo fi ń sọ pé "mi ò rí i mú," mi ò sì dúpẹ́ lẹ́ẹ̀kan pé mo rí i.

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà.

Baba, a dúpẹ́ fún ojú tó ń ríran láàárọ̀ yìí. Dárí jì wá fún gbogbo ìgbà tí a bú orí wa nítorí ohun kékeré, àti fún ẹni tí a fura sí láìṣẹ̀. Àmín.

Ẹni tó dá agbe ló fún un ní aró. Agbe kì í ráhùn aró. Ẹni tó dá àlùkò ló fún un ní osùn. Bàbà, ìyẹn kọ́pà, tó wà nínú ìyẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ di pupa, kò yá a lọ́wọ́ ẹyẹ kankan, àlùkò kì í ráhùn osùn. Lékèélékèé ló l'ẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Olúwa, ohun tí o fi sínú wa láti ṣe iṣẹ́ wa, má jẹ́ kí a ráhùn rẹ̀. Àmín.

Gbogbo ẹni tó ti lọ, tó lọ, tó tún lọ tí kò rí nǹkan kan mú bọ̀, bí ìránṣẹ́ Èlíjà tó wo òkun lẹ́ẹ̀mẹfà tí kò rí nǹkan, fún wọn ní ẹsẹ̀ tí yóò gòkè lọ lẹ́ẹ̀keje. Àmín.

Dáàbò bo ẹyẹ olórí pupa yẹn àti ìtẹ́ rẹ̀. Má jẹ́ kí àdá tún padà síbi tí igbó ti hù. Má jẹ́ kí ó jẹ́ pé inú àwòrán nìkan ni àwọn ọmọ wa yóò ti rí i. Àmín.

Bùkún àlejò tó rí i ní ọ̀nà kejì. Fi ayọ̀ rẹ̀ sí ọkàn mi lónìí, nítorí lọ́jọ́ náà ètè mi nìkan ló kí i. Àmín.

Kámẹ́rà mi ti wà nínú báàgì láti àná, kò sùn sínú afẹ́fẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀. Bá mi lọ, Baba. Àmín.