Ìka Ò Dọ́gba: Ọ̀rọ̀ Lórí Eric Topol àti Ìtọ́jú Tó Bá Ara Oníkálukú Mu

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, ẹ kú ìjókòó. Inú ọkọ̀ òfurufú tó gbéra ní Washington, tó ń lọ sí San Diego, ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Àyà ṣàdédé ń dun èrò kan. Eric Topol, dókítà ọkàn, wà nínú ọkọ̀ náà. Ó fa fóònù rẹ̀ yọ, èyí tí wọ́n lẹ irin pẹlẹbẹ mọ́ lẹ́yìn, ó ní kí aláìsàn fi ìka ọ̀tún àti ti òsì tẹ̀ ẹ́. Bí ọkàn ṣe ń lù bá hàn lójú fóònù, ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀. Topol wò ó, ó rí i pé ẹ̀jẹ̀ ò dé ọkàn bó ṣe yẹ mọ́. Wọ́n sáré gbé ọkọ̀ balẹ̀; ẹni náà sì yè.

Ọ̀pọ̀ tó bá gbọ́ ìtàn yìí, fóònù ni wọ́n máa ń yìn. Èmi náà yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tọpa ọkùnrin yìí á rí ohun tó ń bá jà láti ọjọ́ yìí wá: àṣà ká máa fi oògùn kan náà, ní ìwọ̀n kan náà, tọ́jú gbogbo ayé, nígbà tí ìka ò dọ́gba.

New York ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1954. Ó di ọ̀gá ẹ̀ka ìtọ́jú ọkàn ní Cleveland Clinic ní 1991. Ní 2001, òun àti dókítà méjì mìíràn kọ ọ́ jáde pé Vioxx, oògùn làkúrègbé tí àìmọye èèyàn ń gbé mì, lè ṣe ọkàn ní jàǹbá. Ní 2004 ni ilé iṣẹ́ Merck kó o kúrò lórí àtẹ. Lẹ́yìn náà ni Topol kó lọ sí Scripps ní La Jolla, Kalifóníà, tó dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ lórí jíìnì, ìyẹn àbùdá téèyàn jogún lọ́dọ̀ òbí, àti ẹ̀rọ téèyàn ń so mọ́ra.

Ẹ jẹ́ n fi oògùn kan ṣàlàyé. Clopidogrel ni wọ́n ń fún ẹni tí wọ́n bá la iṣan ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀ tó dí, kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì níbẹ̀. Béèyàn bá gbé e mì, ẹ̀dọ̀ ló máa kọ́kọ́ sọ ọ́ di ohun tó ń ṣiṣẹ́, jíìnì tó ń jẹ́ CYP2C19 ló sì wà nídìí iṣẹ́ yẹn. Àwọn kan wà tí tiwọn kò lè ṣe é. Irú wọn á máa lò ó láràárọ̀, á máa sanwó rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á ṣì lè dì. Ní 2010 ni àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà fi ìkìlọ̀ ńlá sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an. Nígbà iṣẹ́ HapMap tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ìdílé 30 láti Ìbàdàn, bàbá, ìyá àti ọmọ, wà lára àwọn tó fa ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí ayé lè mọ jíìnì ọmọ ènìyàn. Ní 2010 ni wọ́n rí i pé oríṣi jíìnì APOL1 kan tó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá, tó ń gbèjà ara lọ́wọ́ àrùn oorun, lè ba kíndìnrín jẹ́ béèyàn bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá. Síbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú jíìnì tí wọ́n ti kà, ti àwọn tó ṣẹ̀ wá láti Yúróòpù ni. Ó ń dùn mí. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi irú àkójọ bẹ́ẹ̀ kọ́, ara ẹlòmíì ló mọ̀.

Àmọ́ orúnkún Topol ló jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ jù. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ fún un ní 2016. Ó sọ ọ́ nínú Deep Medicine, ìwé tó gbé jáde ní 2019. Àrùn egungun kan ti ń bá a fínra láti ìgbà èwe, ó sì lè mú kí orúnkún le gbagidi lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìdárayá líle tí wọ́n ń fún gbogbo èèyàn ni wọ́n fún òun náà. Orúnkún wú, àwọ̀ rẹ̀ di àlùkò, oorun dá lójú rẹ̀. Ó sọ fún oníṣẹ́ abẹ. Ìyẹn ní kó lọ gba oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Dókítà ńlá, ẹ gbọ́ o! Olùtọ́jú mìíràn ló wá ní kó pa irin gbígbé tì, kó máa ṣe é wọ́ọ́rọ́wọ́, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ ọ́.

Lọ́dún 2019 kan náà, ó darí ìròyìn kan fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lórí bí òṣìṣẹ́ NHS, ètò ìlera ìjọba wọn, ṣe máa lo ẹ̀rọ ìgbàlódé. Àkókò ni wọ́n tẹnu mọ́ níbẹ̀: bí AI, ẹ̀rọ tó ń ronú bí èèyàn, bá gba àkọsílẹ̀ ṣíṣe lọ́wọ́ dókítà, ìṣẹ́jú tó bá ṣẹ́ kù, ti aláìsàn ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé àwọn aláṣẹ lè gba ìṣẹ́jú yẹn, kí wọ́n fi kó èèyàn sí i sórí ìlà. Ó ń ba Topol náà. Ó ní àfi kí àwọn dókítà fúnra wọn pawọ́ pọ̀ kọ̀ ọ́.