Ohun tí Gustave Eiffel Ṣe Lẹ́yìn tó Fẹ̀yìn Tì

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú ìjókòó. Ẹni tí mo fẹ́ kí a jọ rántí lónìí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Gustave Eiffel ni, ẹnjiníà ará Faransé tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ìṣọ́ onírin tó wà ní Paris. Ọdún 1889 tí ilé-ìṣọ́ náà parí ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bá ìtàn rẹ̀ dé. Ẹni ọdún 56 ni nígbà náà, ó sì tún lo ọdún 34 lókè eèpẹ̀. Lójú tèmi, iṣẹ́ tó ṣe lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì ni kò jẹ́ kí wọ́n wó èyí tó ti ṣe ṣáájú.

Dijon ni wọ́n bí i sí ní 1832. Ìyá rẹ̀ ń ta èédú, ọjà náà sì gbòòrò débi pé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà lọmọ gbé dàgbà. (Ẹ̀yin ọmọ ìyá ọlọ́jà, ẹ mọ irú ilé bẹ́ẹ̀.) Nígbà tó tó ìyàwó í fẹ́, tí àwọn ìdílé kan ti kọ̀ ọ́, ìyá yìí kan náà ló kọ lẹ́tà sí pé kó bá òun ṣe alárenà. Kò béèrè ọmọ olówó rẹpẹtẹ. Oníwà tútù tó mọ ilé tọ́jú, tí yóò sì bímọ fóun, ló ń wá. Báyìí ló ṣe fẹ́ Marguerite Gaudelet ní 1862. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n bí kí Marguerite tó kú ní 1877. Eiffel ò fẹ́ ẹlòmíràn mọ́. Claire, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, ló di ìyá ilé. Nígbà tí Claire sì lọ́kọ ní 1885, kò kúrò nílé bàbá: ọkọ rẹ̀, Adolphe Salles, ló kó wá bá wọn, òun náà ló sì wá di ọwọ́ ọ̀tún àna rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ odò àtọwọ́dá Panama, tí wọ́n ń gbẹ́ kí ọkọ̀ ojú omi lè gbà á kọjá, ló ba nǹkan jẹ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń gbẹ́ odò náà wó lulẹ̀, wọ́n sì pe Eiffel tó gba kọngílá níbẹ̀ lẹ́jọ́. Ní 1893, kóòtù ní kó lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún méjì. Kóòtù àgbà fagi lé e lọ́dún kan náà, àmọ́ ó ti sú u. Ó fi ipò sílẹ̀ nílé-iṣẹ́ tirẹ̀, ó sì ní kí wọ́n yọ orúkọ òun kúrò lára rẹ̀.

Ilé-ìṣọ́ wá ńkọ́? Ogún ọdún péré ni wọ́n fún un lórí ilẹ̀ náà. Tí 1909 bá ti parí, ìjọba ìlú lè ní kí wọ́n tú u. Ọgbọ́n tí bàbá dá ni pé kó wáṣẹ́ fún un. Láti 1903, ó ń ju irin pẹlẹbẹ sílẹ̀ láti àjà kejì, 115 mítà, lórí okùn wáyà. Bó ṣe ń já bọ̀, abẹ́rẹ́ ń kọ agbára atẹ́gùn sórí ìwé tí wọ́n fi èéfín kùn dúdú. Ní 1909, ó kọ́ ilé ìdánwò atẹ́gùn sí ẹsẹ̀ ilé-ìṣọ́, tó ní fáànù ńlá, ó sì kó o lọ sí Auteuil, àdúgbò kan ní Paris, ní 1912. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dán àwòṣe bàálù wò. Kò tán síbẹ̀: ó sọ fún àwọn ológun pé òun á san owó ìdánwò rédíò tí ọ̀gá wọn kan, Ferrié, fẹ́ ṣe lókè ilé-ìṣọ́. Rédíò yìí ló gbà á là. Láti January 1910, wọ́n fún un ní 70 ọdún mìíràn, nígbà tí ogun sì dé ní 1914, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ohun tí àwọn ọmọ ogun Jámánì ń bára wọn sọ.

Ní 1923 tó kú, ó ti kọ ìtàn iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Nígbà ìbéèrè, bàbá kan ní ṣé òótọ́ ni pé Eiffel kọ́ ló ya àwòrán ilé-ìṣọ́ náà. Òótọ́ ni. Àwọn ẹnjiníà rẹ̀ méjì, Koechlin àti Nouguier, ló kọ́kọ́ yà á. Eiffel ra ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ilé atẹ́gùn Auteuil, òun ló ronú rẹ̀, owó àpò ara rẹ̀ ló sì fi kọ́ ọ. Ó ṣì wà níbẹ̀.