Ta ni ń jẹ́ Dodan? Àwọn bàbá wa lógun Bọ́mà

Ẹ kú àbọ̀ o. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: ta ni ń jẹ́ Dodan? Gbogbo wa la gbọ́ orúkọ yẹn láyé ìjọba ológun, torí Dodan Barracks n'Ìkòyí ni wọ́n ti ń pàṣẹ fún gbogbo Nàìjíríà. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn mọ Letmauk ní Mọ́kọ́lá. Ará Apápá mọ Arakan. Ará Yábàá mọ Myohaung, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pípè rẹ̀ kì í dọ́gba lẹ́nu ẹni méjì.

Kò sí èyí tó jẹ́ orúkọ èèyàn nínú wọn. Orúkọ ibi ni gbogbo wọn, Bọ́mà tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí ni wọ́n sì wà. Ibẹ̀ ni àwọn bàbá wa àgbà ti bá Jàpáánì jà nígbà ogun Hitler.

Oṣù kẹta 1943 ni wọ́n dá Dìfíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ìyẹn ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá kan, sílẹ̀, ní Nàìjíríà níbí. Ọmọ Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, ọmọ Gold Coast tó di Gánà lónìí, ọmọ Sàró àti ọmọ Gáḿbíà. Òyìnbó ni ọ̀gá wọn, Major-General Woolner ló sì wà lókè pátápátá. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí wọ́n fi kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Íńdíà. Dìfíṣọ̀n 82 tẹ̀lé wọn lẹ́yìn.

Ẹ wo àmì tó wà léjìká aṣọ wọn yìí. Aláǹtakùn dúdú ni ti Dìfíṣọ̀n 81. Ananse nìyẹn, alárékérekè inú àlọ́ àwọn Asante, bí Ìjàpá ṣe jẹ́ tiwa. Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí wọn ò lo Ìjàpá. Ta ló fẹ́ gbé ahun séjìká lọ sójú ogun?

Àmọ́ ti Dìfíṣọ̀n 82 ló wù mí jù: ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn, tí wọ́n gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká tí ẹ mọ̀ yẹn náà ni, èyí tí àwọn ìyá wa fi ń ru igi. Ohun tí wọ́n ń fi sọ ni pé ọpẹ́lọpẹ́ alárù ni àwọn fi ń rí ogun jà.

Kò sí àsọdùn níbẹ̀ o. Àfonífojì odò Kaladan ni wọ́n rán Dìfíṣọ̀n 81 lọ, ní agbègbè Arakan. Òkè gorí òkè, igbó kìjikìji, kò sí ọ̀nà mọ́tò. Àwọn ṣọ́jà wa ló fọwọ́ ara wọn la ọ̀nà jíìpù láti Chiringa dé Daletme, nǹkan bíi máìlì 75, wọ́n sì parí rẹ̀ lóṣù kìn-ín-ní 1944. Ibi tí ọ̀nà yẹn bá parí sí, orí èèyàn ló kù. Ọkọ̀ òfuurufú á já ìrẹsì, ọta ìbọn àti oògùn sílẹ̀ láti òkè, àwọn alárù á lọ ṣà á jọ nínú igbó, wọ́n á gbé e karí, ìrìn tún bẹ̀rẹ̀. Odidi dìfíṣọ̀n, ojú sánmà ló ń wò fún oúnjẹ!

Nínú wọn ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà, Isaac Fadoyebo, ọmọ Èmùrè-Ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀wọ̀. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó wọṣẹ́ ṣọ́jà l'Abẹ́òkúta. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n fi í sí. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta 1944, ní etí odò Kaladan, àwọn Jàpáánì tó lúgọ dè wọ́n dáná ìbọn bò wọ́n. Ìbọn fọ́ egungun itan Isaac, ó gbọgbẹ́ níkùn pẹ̀lú. Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ṣì gbé wọn sá lọ. Òun àti ọmọ Sàró kan, David Kargbo, ló ṣẹ́ kù sínú igbó yẹn láàyè.

Oṣù mẹ́sàn-án gbáko! Ara ìlú ló ń bọ́ wọn. Nígbà tó yá, Mùsùlùmí kan tó ń jẹ́ Shuyiman kó wọn sínú ilé tirẹ̀, pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ẹ rò ó wò: àwọn ṣọ́jà Jàpáánì wà ládùúgbò, bàbá yìí sì fi àlejò méjì tí àwọ̀ wọn kò jọ ti ẹnikẹ́ni níbẹ̀ pamọ́. Ìparí ọdún 1944 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó padà wá rí wọn. Isaac délé, ó ń tiro, kò sì kú títí di 2012.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ogun. Ìkọlù oṣù kẹta yẹn ti Dìfíṣọ̀n 81 sẹ́yìn, òjò ńlá tún dé. Nígbà tí òjò dá, wọ́n tún gba Kaladan sọ̀ kalẹ̀, àwọn àti Dìfíṣọ̀n 82 sì gba Myohaung, olú ìlú àwọn ọba Arakan àtijọ́, lóṣù kìn-ín-ní 1945. Lẹ́yìn èyí ni 82 kọrí sí Letmauk, níbi tí ìjà ti gbóná janjan. Ní oṣù kẹjọ, Jàpáánì túúbá.

Owó tí ṣọ́jà dúdú ń gbà kò tó ti òyìnbó tí wọ́n jọ wà nínú igbó kan náà. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn tí ẹ bá gbọ́ pé ogun òmìnira ni wọ́n jà.

Ìtẹ́ òkú ogun kan wà ní Taukkyan, lẹ́yìn ìlú Rangoon. Nǹkan bíi 27,000 orúkọ ló wà lára àwọn òpó ibẹ̀, orúkọ àwọn tí wọn ò rí sàréè wọn. Orúkọ Yorùbá wà níbẹ̀, tí wọ́n fín sára òkúta láìsí àmì ohùn lórí.