Orin Tuntun, Oyè Tuntun: Láti Ìsarà dé Munich

Ẹ̀yin olùdarí akọrin àti ẹ̀yin atẹdùùrù tí ẹ ti Ṣàgámù, Ìpẹru àti Ìjẹ̀bú-Òde wá sí Ìsarà, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ àwọn tí ń kọ orin kíláásíkà lóde òní ni ẹ ní kí n sọ, obìnrin kan ni n ó sì fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọ̀nà rẹ̀ gba ìlú yìí kọjá.

Tania León ni, tí wọ́n bí ní Havana ní 1943. Ní 2021, ó gba ẹ̀bùn Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá fún orin ní Amẹ́ríkà, fún Stride, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tuntun tí ẹgbẹ́ olórin New York Philharmonic bẹ àwọn obìnrin 19 láti kọ, kí wọ́n lè fi sàmì ọgọ́rùn-ún ọdún tí ẹ̀tọ́ ìdìbò obìnrin ti wọ òfin Amẹ́ríkà. Ní 2022, wọ́n tún fi oyè Kennedy Center, tí Amẹ́ríkà fi ń yẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà sí, dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n láti 1994 ni wọ́n ti ṣe ọ́pẹ́rà rẹ̀ (eré tí wọ́n ń fi orin ṣe), Scourge of Hyacinths, ní Munich ní Jámánì, ó sì mú un jáde láti inú eré rédíò tí Wọlé Ṣóyínká kọ, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsarà níbí. Nínú rẹ̀, ìyá kan ń ké pe Yemọja nítorí ọmọ rẹ̀ tí àwọn ológun tì mọ́lé, ewéko orí omi sì dí ọ̀nà tí ọmọ náà ì bá gbà sá. Ará etí ọ̀sà Ìjẹ̀bú kò nílò àlàyé lórí ewéko yẹn. Ó mọ bí ó ṣe ń wé mọ́ àjẹ̀.

Rhiannon Giddens àti Michael Abels gba Pulitzer ní 2023 fún ọ́pẹ́rà Omar, ìtàn àfáà tí wọ́n kó lẹ́rú dé Charleston ní 1807. Tyshawn Sorey gbà á ní 2024. N kò ní pẹ́ lórí wọn.

Ìwé ni mo fẹ́ kí a wò. Nítorí pé ọ́pẹ́rà León wà nínú ìwé ni àwọn ẹlòmíràn ṣe lè gbé e jáde ní Geneva ní 1999. Ní tiwa, orin tuntun kì í wọ́n nígbà ìkórè. Ọ̀kan rèé lọ́wọ́ mi: dò-rè-mí tí wọ́n fi báírò kọ sẹ́yìn ìwé ètò ìsìn, tí omi ti pa ìlà báàsì rẹ́, tí kò sì ní orúkọ ẹni tí ó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ni ẹni náà. “Ọkọ́ wa kò já wa kulẹ̀” ni ìlà kejì, rè-mí ni ó fi sábẹ́ “ọkọ́.” Bí ó bá fi rè-dò síbẹ̀, ọkọ̀ ni àgbẹ̀ ì bá máa dúpẹ́ fún, èyí tí ó lè bá Ìwọ̀pin mu, ṣùgbọ́n tí kò bá òkè Rẹ́mọ mu rárá. Ọ̀rọ̀ ohùn yìí ni T. K. E. Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní Kátídírà Marina l'Ékòó láti 1914 di 1962, kọ ìwé lé lórí ní 1953.

Ẹni tí ó fún mi ní ìwé yìí wà láàárín yín. Àwọn àgbà mẹ́ta nínú akọrin rẹ̀ ṣì rántí ìlà báàsì náà. A ó gbọ́ ọ lẹ́nu wọn, a ó sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí a tó jẹun.