Ìrètí Kò Ní Ká Má Sunkún: Ìtàn Àjàyí Ọmọ Òṣogùn

(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo ṣe fún àwọn tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú ìjọ wa)

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ni wọ́n ti sọ fún pé “Olúwa fi fúnni, Olúwa sì gbà lọ” kí wọ́n tó gbé òkú kúrò nílé. Ọ̀rọ̀ Jóòbù ni. Jóòbù ló sì tọ́ sí láti sọ ọ́, torí òun ni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kọ́ ló ni ín.

Ẹni tí a sábà máa ń fi ìtàn rẹ̀ tu ara wa nínú ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. A ó ní, “Ká ní wọn ò kó o lẹ́rú, ṣé ì bá di bíṣọ́ọ̀bù?” Ìkánjú ti pọ̀ jù nínú bí a ṣe ń sọ ìtàn yẹn. Ẹ jẹ́ ká rọra tún un sọ.

Ní 1821, àwọn akónilẹ́rú ya wọ Òṣogùn láàárọ̀, nígbà tí àwọn obìnrin ń se oúnjẹ lọ́wọ́. Bàbá Àjàyí sáré wá sílé, ó ní kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Àrímọ nìyẹn. Wọ́n mú Àjàyí àti Àfàlá ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n fi okùn so wọ́n mọ́ra. Wọ́n fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Nígbà tó yá, ẹṣin kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, wọ́n bá dá pàṣípààrọ̀ náà padà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí tó fi dé etíkun. Nínú lẹ́tà tó kọ ní 1837, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara òun lóru.

Ní oṣù Kẹrin 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ ẹrú tó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Ẹ kíyè sí ohun tó bá a níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé ogun Òṣogùn fún un. Wọ́n fún un ní ibùgbé, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà àti ìwé. Òun náà tọrọ owó díẹ̀ kó lè ra ìwé ABC tirẹ̀. Ó di 1825 kó tó ṣèrìbọmi. Èmi gbà pé ọwọ́ àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ni ìrètí gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Mi ò sì gbà pé Ọlọ́run nílò ogun Òṣogùn kó tó lè rí bíṣọ́ọ̀bù. Àwọn tí wọ́n jọ so mọ́ okùn kan náà ńkọ́? Ta ló kọ ìtàn tiwọn?

Ní 21 oṣù Kẹjọ 1846, ìyá àti ọmọ pàdé ní Abẹ́òkúta lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Wọ́n ń wo ara wọn, ohùn kọ̀, kò jáde, omijé sì ń dà. Ní 1848 ìyá ṣèrìbọmi, ó di Hannah, ìyá Sámúẹ́lì. Ayọ̀ ńlá ni. Àmọ́ bàbá kò sí níbẹ̀, ìgbàgbọ́ ọmọ rẹ̀ kò sì jí i dìde. Ìgbàgbọ́ náà fún ọmọ ní ìrètí pé àjíǹde ń bọ̀.

Pọ́ọ̀lù kò ní kí àwọn ará Tẹsalóníkà má banú jẹ́. Ó ní kí wọ́n má banú jẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Jésù náà mọ̀ pé òun máa jí Lásárù, síbẹ̀ ó sunkún. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn pa àwọn olùjọsìn ní ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, lọ́jọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì, 5 oṣù Kẹfà 2022, ó dùn mí bí àlàyé ṣe tètè yá àwọn kan lára wa lẹ́nu. Ẹni tó gbé omi àti oúnjẹ lọ sílé òkú sàn jù wọ́n lọ.

Nígbà ìbéèrè, màmá kan dìde. Ó ní ẹnì kan nínú ìjọ sọ pé ẹkún òun ti pẹ́ jù, pé àìnígbàgbọ́ ni. Mo ní kí màmá náà ka Sáàmù 88. Ẹni tó kọ ọ́ ń ké pe Ọlọ́run tọ̀sán-tòru, inú òkùnkùn náà ni orin rẹ̀ parí sí, a kò sì yọ ọ́ kúrò nínú Bíbélì. Màmá náà ní ó dáa, òun ti gbọ́, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yẹn la jókòó lé lórí títí ilẹ̀ fi ṣú, ìgbìmọ̀ ìjọ sì gba orúkọ gbogbo àwọn tó ní ọmọ níléèwé sílẹ̀.