Kí Bíríkì Àkọ́kọ́ Tó Wọlẹ̀: Bí Everton Ṣe Rí Pápá Tuntun

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ti ẹnu iṣẹ́ wá tààrà. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó ń retí àtikọ́ pápá ìṣeré tuntun ni wọ́n ní kí n sọ. Everton ti ìlú Liverpool ni mo mú, mo fi Arsenal àti Tottenham sílẹ̀, nítorí pé léraléra ni ìrètí Everton forí ṣánpọ́n kí ó tó dọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí pápá ṣe ń di kíkọ́, ibi tó ti kọ̀ tí kò ṣeé ṣe ni kó kọ́kọ́ lọ wò.

Ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Ọdún 1878 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Láti 1884, Anfield ni wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Bẹ́ẹ̀ ni, Anfield tí ẹ mọ̀ yẹn náà ni. Nígbà tó yá, àárín wọn àti John Houlding, tó jẹ́ aṣíwájú nínú ẹgbẹ́ tó sì tún wà nídìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà, dàrú lórí owó tí wọ́n ń san. Ní 1892, Everton kó ẹrù wọn, wọ́n gba ọgbà Stanley kọjá, wọ́n sì kọ́ Goodison Park. Pápá ṣófo mọ́ Houlding lọ́wọ́, ló bá dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ni Liverpool. Ẹ ò rí i pé ìjà owó ilé ló sọ ìlú kan di ọ̀nà méjì títí di òní.

Goodison di ilé fún ọdún 133. Ibẹ̀ ni Daniel Amokachi ti gbá bọ́ọ̀lù, ọmọ wa tó jẹ góòlù méjì fún Everton nígbà tí wọ́n fi 4-1 na Tottenham ní 1995, lójú ọ̀nà ife ẹ̀yẹ FA tí wọ́n gbà lọ́dún náà. Joseph Yobo, Yakubu Aiyegbeni, Victor Anichebe àti Alex Iwobi náà kọjá níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé náà ti gbó. Òpó irin máa ń dí àwọn òǹwòran kan lójú, tó jẹ́ pé ariwo àwọn tó jókòó níwájú ni wọ́n fi ń mọ̀ pé bọ́ọ̀lù ti wọlé. Ilé gbígbé fún un mọ́ra, ṣọ́ọ̀ṣì Luke Mímọ́ sì wà ní igun rẹ̀ kan, kò sáyè láti fẹ̀ ẹ́ dáadáa. Èèyàn bíi 39,000 ló ń gbà, nígbà tí Anfield, tí kò jìnnà síbẹ̀ rárá, ti lé ní 60,000. Gbogbo ọjọ́ ìdíje ni àlàfo yẹn ń di owó tí ẹnì kan ń rí tí ẹnì kejì kò rí.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ ní King's Dock. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ilẹ̀ kan wà létí odò Mersey, ní àárín ìlú gan-an. Àwòrán tí wọ́n yà fún un lẹ́wà: pápá tó máa gba 55,000 èèyàn, tí òrùlé rẹ̀ máa ń ṣí tí á sì máa padé. Àwọn mìíràn fẹ́ dá owó sí i. Ohun tí wọ́n ní kí Everton fúnra rẹ̀ gbé sílẹ̀ ni 30 mílíọ̀nù pọ́n-ùn. Owó náà kò jọ. Nígbà tó fi di 2003, ọ̀rọ̀ ti tán. Ọdún kan péré lẹ́yìn èyí, wọ́n ta Wayne Rooney fún Manchester United, owó ọmọ kan ṣoṣo yẹn sì tó 20 mílíọ̀nù ó kéré tán. Ibi tí wọn ì bá kọ́ pápá sí, gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n ti ń ṣeré orin ló wà níbẹ̀ láti 2008. Mo gbà pé King's Dock ni àdánù tó dunni jù nínú ìtàn ẹgbẹ́ yìí, ju ife ẹ̀yẹ èyíkéyìí tó bọ́ lọ́wọ́ wọn lọ.

Kirkby ló tẹ̀ lé e. Ilé ìtajà Tesco máa bá wọn pín iṣẹ́ náà, àmọ́ Kirkby kò sí lábẹ́ ìlú Liverpool. Wọ́n ní kí àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ dìbò lé e lórí ní 2007, ọ̀pọ̀ gbà, àwọn tí kò gbà sì gbógun tì í pé Everton kò gbọdọ̀ kúrò nínú ìlú. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé e, torí pé ọjà tí wọ́n fẹ́ kọ́ mọ́ ọn máa pa ọjà àwọn ìlú tó wà nítòsí. Lẹ́yìn náà ni Walton Hall Park, ìyẹn kò tilẹ̀ kọjá ọ̀rọ̀ ẹnu.

Bramley-Moore Dock ló wá jẹ́. Èbúté tí wọ́n ṣí ní 1848 ni. Orúkọ èbúté Liverpool kò ṣàjèjì sí wa. Epo pupa ilẹ̀ wa ti wọ ìlú yẹn lọ́pọ̀lọpọ̀, láti ìlú yẹn náà sì ni ilé-iṣẹ́ Elder Dempster ti ń rán ọkọ̀ wá sí Èkó. Wọ́n wa iyanrìn látinú Òkun Irish, nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù mítà onígun mẹ́ta, wọ́n fi dí èbúté náà. Kí wọ́n tó dí i, wọ́n kọ́kọ́ kó àwọn ẹja tó wà níbẹ̀ lọ síbòmíràn. Wọn kò wó ògiri àtijọ́ èbúté náà, abẹ́ pápá ló wà báyìí. Síbẹ̀, ní oṣù keje 2021, UNESCO yọ Liverpool kúrò lára àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé, pápá yìí sì wà lára ohun tí wọ́n tọ́ka sí. Ní 2023, ọ̀dọ́mọkùnrin òṣìṣẹ́ kan pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ níbi iṣẹ́ náà. Bí a bá ń yin ilé ńlá, kí a máa dárúkọ irú èyí náà.

Kí ló mú èyí yọrí? Owó ni, ṣùgbọ́n owó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé ẹgbẹ́ lọ. Farhad Moshiri, olówó tó ra ìpín nínú ẹgbẹ́, wọlé ní 2016. Ní 2020, USM, ilé-iṣẹ́ Alisher Usmanov, olówó ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, san 30 mílíọ̀nù pọ́n-ùn kí wọ́n lè jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi orúkọ pápá lọ̀, ìyẹn ẹ̀tọ́ láti sọ pápá ní orúkọ tí wọ́n bá fẹ́. Iye kan náà tí wọ́n wá tì ní King's Dock! Ìgbìmọ̀ ìlú fọwọ́ sí ìwé ní oṣù kejì 2021, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹjọ. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine ní 2022, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de Usmanov, Everton sì ní láti gbé àdéhùn náà jù sílẹ̀ nígbà tí òpó ti ń dìde. Wọn kò lè dá iṣẹ́ dúró, wọ́n yá owó kún owó, èlé sì ń gorí èlé. Iye iṣẹ́ náà, tí wọ́n kọ́kọ́ ń pè ní 500 mílíọ̀nù, sún mọ́ 750.

Nígbà náà, òfin líìgì gbà kí ẹgbẹ́ pàdánù 105 mílíọ̀nù pọ́n-ùn, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, láàárín ọdún mẹ́ta. Ti Everton jẹ́ 124.5. Wọ́n yọ àmì mẹ́wàá lára wọn ní oṣù kọkànlá 2023, wọ́n dín in kù sí mẹ́fà, wọ́n tún yọ méjì sí i ní oṣù kẹrin 2024. Èlé owó tí wọ́n yá wà lára ohun tí wọ́n bá líìgì fà. Ẹ fojú inú wo ẹgbẹ́ tó ń kọ́ ilé fún 52,000 èèyàn tí kò sì mọ̀ bóyá ipele kejì ni yóò ti ṣí i. Wọn kò já wálẹ̀. Ní oṣù kejìlá 2024, àwọn Friedkin, ilé-iṣẹ́ olówó kan láti Amẹ́ríkà, ra ẹgbẹ́ náà.

Bàbá kan bi mí níjókòó pé kí ló dé tí ẹgbẹ́ tiwa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní bàbá, pápá Lekan Salami tí Shooting Stars ń lò ní Ìbàdàn, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín, ìjọba náà ló sì ni ẹgbẹ́. Ẹni tí kò ni ilé kò lè fi ilé yáwó, kò sì lè ta orúkọ rẹ̀. Remo Stars ní Ìkẹ́nnẹ́ ní pápá tirẹ̀, òun ló sì gba líìgì Nàìjíríà ní 2025. N kò sọ pé pápá nìkan ló gbà á fún wọn. Mo kàn ní kí bàbá fi wé ara wọn.

Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún 2025 ni àwọn ọkùnrin Everton gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn ní Goodison. Iliman Ndiaye jẹ góòlù méjèèjì tí wọ́n fi na Southampton. Ní oṣù kẹjọ, òun náà ló jẹ góòlù àkọ́kọ́ nínú ìdíje líìgì ní pápá tuntun, tí wọ́n ń pè ní Hill Dickinson Stadium, nígbà tí wọ́n na Brighton. Bill Kenwright, alága tó bá gbogbo ìlàkàkà yìí yí fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí níbẹ̀. Ó ti kú ní oṣù kẹwàá 2023.

Ètò tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ni láti wó Goodison. Ṣùgbọ́n eérú ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ ẹgbẹ́ tó ti kú wà ní ẹ̀gbẹ́ pápá náà. Àwọn ẹbí ń sin ín síbẹ̀ títí ààyè fi tán. Àwa tí a máa ń sin òkú sínú agboolé, a mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Wọ́n yí èrò padà. Àwọn obìnrin Everton ló ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ báyìí.