Kí Ìgbà Òtútù Tó Parí: Bí A Ṣe Ń Pèsè Ọgbà Ẹ̀fọ́ Sílẹ̀

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ó gbẹ̀yìn ìgbà òtútù, nígbà tí yìnyín ti ń yọ́, tí ọ̀sán ti ń gùn díẹ̀díẹ̀, tí ara olúkúlùkù ẹni tí ó ní ọgbà lẹ́yìn ilé sì ti ń yá gágá láti mú ọkọ́. Ara yíyá gágá yẹn gan-an ni ó ń kó bá wa. Oòrùn lè ràn fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra débi tí a ó fi bọ́ ẹ̀wù òtútù sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ máa ń pẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ kí ó tó móoru, inú ilẹ̀ ni irúgbìn sì ń gbé.

Nítorí náà, inú ilé ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wádìí ọjọ́ tí ìrì dídì sábà máa ń bọ́ kẹ́yìn ní àdúgbò yín, kí ẹ sì ka ọ̀sẹ̀ padà sẹ́yìn láti ọjọ́ náà. Àlùbọ́sà kì í tètè dàgbà rárá, nítorí náà ọ̀sẹ̀ 10 sí 12 ṣáájú ọjọ́ yẹn ni kí ẹ ti gbìn ín sínú àwo ìgbìn; ata ń fẹ́ ọ̀sẹ̀ 8 sí 10, tòmátò sì ń fẹ́ 6 sí 8. Ẹ fi elégédé àti kùkúḿbà sílẹ̀ ná, ọ̀sẹ̀ 3 sí 4 ti tó wọn. Ìyókù wà lẹ́yìn àpò irúgbìn, n kò ní kà á fún yín.

Bí irúgbìn yín bá ti pẹ́ nílé, ẹ dán an wò kí ẹ tó fi gbogbo ìrètí yín lé e. Irúgbìn àlùbọ́sà kì í sábà lágbára mọ́ lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, nígbà tí ti tòmátò lè tó ọdún mẹ́rin kí ó sì tún hù dáadáa. Ẹ ka hóró 10 sórí bébà ìnuwọ́ tí omi ti rin díẹ̀, ẹ ká a, ẹ fi sínú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí hóró márùn-ún péré bá hù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbin ìlọ́po méjì iye tí ẹ ní lọ́kàn, ọ̀ràn náà tán.

Ojú fèrèsé nìkan kò tó. Èmi kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí pé ní àkókò yìí ìmọ́lẹ̀ tí ń gba ojú fèrèsé wọlé kò pọ̀, ọmọ irúgbìn á sì máa na ọrùn wá a títí yóò fi ga tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò ní lè gbé orí ara rẹ̀. Ẹ tan iná lé wọn lórí fún wákàtí 14 sí 16 lójúmọ́, kí iná tí kì í gbóná náà má sì jìnnà sí ewé ju sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10 lọ. Bí wọ́n ti ń ga, kí ẹ máa gbé iná sókè. Kí ẹ sì ṣọ́ omi o. Bí iyẹ̀pẹ̀ inú àwo bá ń rin ṣáá, àrùn kan wà tí í mú ìdí ọmọ irúgbìn: ẹ ó bá a láàárọ̀ tí ó ti ṣubú lulẹ̀, ewé rẹ̀ ṣì tutù yọ̀yọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí igi rẹ̀ ti kan iyẹ̀pẹ̀ ti rọ, ó ti tín-ín-rín bí òwú. Kò sí àtúnṣe fún èyí tí ó bá ti ṣubú. Ẹ gbé àwo náà sínú omi díẹ̀ kí iyẹ̀pẹ̀ fa omi láti ìsàlẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú rẹ̀ gbẹ díẹ̀ kí ẹ tó tún fún un lómi.

Ó wá ku ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń ṣì í ṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fo ibí yìí. Bí yìnyín bá ti yọ́, omi rẹ̀ kì í tètè rí ọ̀nà lọ. Nígbà mìíràn ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ṣì dì, omi á sì dúró sí òkè. Ojú ilẹ̀ lè gbẹ, kí ó sì funfun, kí ó máa tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ki ṣọ́bìrì bọ inú rẹ̀, ẹ ó rí i pé ibi tí irin náà gbà kọjá ń dán, iyẹ̀pẹ̀ sì lẹ̀ mọ́ irin náà pátápátá. Bí ẹ bá ti rí dídán yẹn, ẹ fa ṣọ́bìrì yọ.

Ẹ MÁ ṢE RO ILẸ̀ TÍ Ó RIN GBINGBIN! Bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn, bí aládùúgbò yín tilẹ̀ ti ń ro tirẹ̀, bí ẹ tilẹ̀ ti gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ nítorí rẹ̀, ẹ má ro ó.

Ẹ jẹ́ kí n fi amọ̀kòkò ṣe àpèjúwe, nítorí n kò tíì rí èyí tí ó bá ọ̀rọ̀ yìí mu jù ú lọ. Kí amọ̀kòkò tó mọ ohunkóhun, á kọ́kọ́ bomi sí amọ̀, á fi ẹsẹ̀ gún un, á sì pò ó títí afẹ́fẹ́ yóò fi tán nínú rẹ̀, nítorí ohun tí omi kò ní lè là kọjá ni ó ń wá. Ẹni tí ó bá ń ro ilẹ̀ amọ̀ tí ó rin, tí ó sì ń fi bàtà òjò tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, iṣẹ́ amọ̀kòkò gẹ́lẹ́ ni ó ń ṣe, bẹ́ẹ̀ ẹ̀fọ́ ni ó ní òun fẹ́ gbìn! Gbogbo ihò kéékèèké tí omi àti afẹ́fẹ́ ń gbà dé ìdí gbòǹgbò ni yóò dí. Nígbà tí ilẹ̀ náà bá sì gbẹ, á di ògúlùtu tí gbòǹgbò kárọ́ọ̀tì kò ní lè wọ̀, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ títí ìgbà ìkórè yóò fi dé. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Bóyá ilẹ̀ amọ̀ ni wọ́n ń wò nígbà tí wọ́n sọ ọ́.

Báwo ni a ṣe máa mọ̀ pé ilẹ̀ ti tó ro? Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ láti ìsàlẹ̀ tí ó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 10, kì í ṣe láti ojú ilẹ̀. Ẹ fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, ẹ la ọwọ́, kí ẹ sì fi àtàǹpàkò tì í díẹ̀. Bí ó bá túká wẹ́wẹ́, ilẹ̀ ti ṣe tán. Bí ó bá kàn tẹ̀ wọ inú, tí ojú ìka yín hàn lára rẹ̀, tí ẹrẹ̀ sì kù ní àtẹ́lẹwọ́ yín, ẹ padà sílé. Ẹ bù ú wò ní ojú méjì tàbí mẹ́ta, nítorí ibi tí òjìji ògiri bò kì í tètè gbẹ. Ilẹ̀ oníyanrìn máa ń ṣáájú ilẹ̀ amọ̀ dáadáa, ẹ má fi ti ẹnikẹ́ni wé ti yín.

Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá gba ìdúró lè fi ọ̀rá dúdú bo ebè fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò ní jẹ́ kí òjò tuntun wọlé, á sì mú kí ilẹ̀ móoru díẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti dẹ̀, ẹ fọ́n ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà dáadáa lé e, kí ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3, kí ekòló máa bá yín fà á wọlé. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ má tẹ orí ebè mọ́; bí ẹ kò bá lè ṣàì dúró lórí rẹ̀, ẹ tẹ́ pátákó kí ẹ sì dúró lórí ìyẹn.

Nígbà náà ni ẹ tó lè gbin àwọn tí kò bẹ̀rù òtútù tààrà sínú ilẹ̀. Ẹ ki tẹmomítà bọ inú ilẹ̀ ní àárọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan: bí kò bá wá sílẹ̀ ju dígírì 5 Sẹ́lísíọ́ọ̀sì lọ, spinach, lẹ́tùúsì àti píìsì aláwọ̀ ewé lè wọlẹ̀. Wọn yóò pẹ́ kí wọ́n tó yọ, ẹ má sì hú ilẹ̀ láti yẹ̀ wọ́n wò. Kárọ́ọ̀tì ń fẹ́ ooru díẹ̀ sí i. Tòmátò àti ata kò ní iṣẹ́ kankan níta títí ewu ìrì dídì yóò fi ré kọjá.

Èyí tí ẹ tọ́ nínú ilé kò tíì mọ afẹ́fẹ́, kò sì tíì mọ oòrùn gidi. Bí ẹ bá gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ewé rẹ̀ á funfun, á sì gbẹ. Ẹ gbé e síta fún wákàtí kan tàbí méjì lábẹ́ òjìji ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ máa fi kún un lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa gbé e wọlé ní alẹ́, fún nǹkan bí ọjọ́ 7 sí 10. Lẹ́yìn náà, ẹ dúró de ìrọ̀lẹ́ tàbí ọjọ́ tí ojú ọ̀run ṣú, ẹ gbìn wọ́n sórí ebè, kí ẹ sì bomi rin wọ́n dáadáa kí ẹ tó kúrò nídìí wọn.